Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan ní Àjàṣẹ́ àti kóòsì tó yàn

Ọmọ Kétu ni akẹ́kọ̀ọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ó gba BAC D nílùú rẹ̀ (BAC ni ìwé ẹ̀rí ìparí ilé ẹ̀kọ́ girama, lẹ́tà tó tẹ̀lé e ló ń sọ ẹ̀ka tí ọmọ ṣe), ó wá sí Àjàṣẹ́ láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ilé àti afárá ní ilé ẹ̀kọ́ gíga aládàáni kan, ọdún kejì ló sì wà nígbà tí bàbá rẹ̀ pè mí lórí fóònù. Ohun tí bàbá náà gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ kan ni pé orí ọmọ náà ò gba iṣẹ́ ẹnjiníà, pé kó tètè yí sí ẹ̀kọ́ ìṣirò owó kí ọjọ́ tó lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé 5 lórí 20 ló gbà nínú résistance des matériaux, RDM lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ tó ń ṣàlàyé bí òpó àti poutre, ìyẹn igi ìdábùú ilé, ṣe ń ru ẹrù tí wọn kì í fi í ṣẹ́. Lóṣù yẹn kan náà ni wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù pé kó yan kóòsì àṣàyàn fún sáà kẹrin. Ọ̀rọ̀ méjèèjì so mọ́ra ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ látòkè délẹ̀.

Kí ẹni tí kò mọ ètò ẹ̀kọ́ wa ní Bẹ̀nẹ̀ lè bá mi lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún 2007 ni UEMOA, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná owó CFA, fàṣẹ sí ètò Licence-Master-Doctorat fún àwọn yunifásítì orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀. Crédit la fi ń ka ẹ̀kọ́ nínú ètò náà: 30 ní sáà kan, 60 lọ́dún, 180 kí ènìyàn tó gba licence, ìyẹn oyè àkọ́kọ́. UE ni wọ́n ń pe àpò tí wọ́n ń kó kóòsì sí, UE kan sì lè ní kóòsì méjì tàbí mẹ́ta nínú. Àwọn kóòsì kan jẹ́ òpómúléró iṣẹ́ náà, bíi RDM, kọnkéré onírin, ìmọ̀ ilẹ̀ àti hydraulique, ìyẹn ìmọ̀ bí omi ṣe ń ṣàn. Àwọn kan jẹ́ àtìlẹ́yìn: ìṣirò, físíìsì, yíya àwòrán ilé, kọ̀ǹpútà, Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà ìkọ̀wé. Àwọn kan sì wà tí akẹ́kọ̀ọ́ máa fọwọ́ ara rẹ̀ mú. Lójú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àti lójú àwọn olùkọ́ kan pẹ̀lú, òpómúléró nìkan ni ẹ̀kọ́, ohun tí wọ́n fi ń wá máàkì kún máàkì ni ìyókù. Èrò yìí ti ba ọ̀pọ̀ ọmọ jẹ́ lójú mi.

Mo ní kó kó gbogbo ìwé èsì rẹ̀ wá bá mi ní Wàndò, kó má ṣe mú èyí tí 5 wà nínú rẹ̀ nìkan wá. Ìwé sáà àkọ́kọ́ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò. UE kan wà níbẹ̀ tó kó ìṣirò àti kọ̀ǹpútà pọ̀, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fún méjèèjì. Ó gba 6,5 nínú ìṣirò, ó gba 14 nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ pa á pọ̀, ẹ pín in sí méjì, 10,25 ni. Nílé ẹ̀kọ́ rẹ̀, 10 ti tó láti gba UE, wọ́n sì kọ «validé» sí i. Ní sáà kejì, ìṣirò tún bọ́ sínú UE kan náà pẹ̀lú físíìsì: 8 àti 13, tó jẹ́ 10,5. «Validé» lẹ́ẹ̀kan sí i. Lábẹ́ òfin, ọmọ yìí kò jẹ ìṣirò ní gbèsè kankan. Ó wọ ọdún kejì wẹ́rẹ́, àwọn olùkọ́ ọdún kejì sì ń kọ́ ọ bí ẹni tó mọ ohun tí kò mọ̀.

Èmi ò ní kí wọ́n pa compensation rẹ́ o, ìyẹn kí máàkì kóòsì kan máa gbé èkejì tó wà nínú UE kan náà. Ó ń gba ọmọ tí ibà mú lọ́jọ́ ìdánwò kan sílẹ̀, kò sì yẹ kí ènìyàn tún ọdún ṣe nítorí kóòsì kan ṣoṣo. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí 10,25 yẹn jáde, kò sí ẹni tó wo 6,5 tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó pe ọmọ náà pé ìṣirò rẹ ò dára, wá kí a tún un ṣe. Ìwé èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Kétu, àpapọ̀ máàkì UE nìkan ló wà lórí rẹ̀, bàbá náà sì rí i pé ọmọ òun yege nínú gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ BAC náà wà nínú rẹ̀. Nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ẹ máa rí ọmọ tó gba BAC C, ọmọ BAC D, ọmọ BAC E, àti ọmọ BAC F4 tó ti lycée technique, ilé ẹ̀kọ́ girama oníṣẹ́ ọwọ́, wá. Ọmọ F4 ti ń ya àwòrán ilé láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti gbọ́ orúkọ RDM kó tó dé, ìṣirò ló máa ń dà á láàmú. Ọmọ C lágbára nínú ìṣirò, àmọ́ kò fọwọ́ kan àwòrán ilé rí. Ọmọ D ti lo àkókò púpọ̀ lórí bàọ́lọ́jì, ìṣirò tó ṣe kò tó ti C, òun náà kò sì mọ àwòrán. Lọ́sẹ̀ mélòó kan tí ọdún bá bẹ̀rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ máa ń ṣe kóòsì ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní mise à niveau, gbogbo wọn á sì jókòó síbi kan náà gbọ́ ohun kan náà. Ọmọ F4 á máa sùn nínú kíláàsì àwòrán. Ọmọ D á máa sáré tẹ̀lé e, kò ní bá a, wọ́n á sì kó o kúrò níbẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ rúlà. Bí mo bá láṣẹ, màá pín kóòsì yẹn gẹ́gẹ́ bí BAC tí oníkálukú gbà, màá sì fi ìdánwò kékeré kan ṣíwájú rẹ̀ láti mọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò gba owó púpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá wo 5 tó gbà nínú RDM náà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti hàn kedere.

Ìbéèrè ìdánwò náà rèé. Poutre kan gùn ní mítà 4, ó fi orí méjèèjì lé ògiri. Bí ẹrù kilonewton 10 bá wà lórí mítà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ibi tí poutre náà ti ń jìyà jù ni àárín gbùngbùn, moment ibẹ̀, ìyẹn bí ẹrù ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó, sì jẹ́ qL²/8 (q ni ẹrù orí mítà kan, L ni gígùn poutre), ìyẹn kilonewton-mítà 20. Ọmọ náà mọ èyí lórí bí orúkọ ara rẹ̀. Àmọ́ olùkọ́ yí ìbéèrè náà padà díẹ̀: ẹrù wà lórí mítà 2 tó wà lápá òsì nìkan, apá ọ̀tún ṣófo. Ó kọ 10. Ohun tó rò ni pé bí ẹrù bá di ìdajì, moment náà á di ìdajì.

Ohun tó jẹ́ kí ìdáhùn yẹn yẹ fún àyẹ̀wò dáadáa ni pé kì í ṣe ìsọkúsọ. Ní àárín poutre náà, 10 ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àárín kọ́ ni moment ti ga jù mọ́. Ó ti sún sápá òsì, sí mítà 1,5 láti ìbẹ̀rẹ̀, iye rẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ 11,25. Ẹni tó bá fi 10 ṣírò irin poutre yẹn ti fi ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ohun tó yẹ kó gbé dù ú. Olùkọ́ fi àmì pupa fà á kọjá, ó fún un ní òdo lórí ìbéèrè náà, ó sì lọ.

Mo mú pépà onílà kéékèèké, mo ní ká jọ ṣe é. Ẹrù gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20. Nítorí pé apá òsì ló kó sí, ògiri òsì ru 15, ògiri ọ̀tún ru 5. Ó rí ìyẹn fúnra rẹ̀, kò pẹ́ rárá. Lẹ́yìn náà mo ní kó ya effort tranchant, ìyẹn ipá tó fẹ́ gé poutre náà: 15 ní ìbẹ̀rẹ̀, tí mítà kọ̀ọ̀kan sì ń yọ 10 kúrò nínú rẹ̀. Ìlà náà ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì gba orí òdo kọjá ní 1,5. Mo ní kó wá kọ moment ní ibi tó jìnnà tó x sí ògiri òsì. Ó kọ 15x − 5x². Ó dúró, ó ń wò mí, kò mọ ohun tó kàn.

Mo bi í pé, «Ní Terminale, ọdún tó kẹ́yìn ní girama, bí wọ́n bá fún ẹ ní fonction báyìí tí wọ́n ní kí o wá ibi tó ga jù, kí ni o máa ṣe?»

Kò dá mi lóhùn. Ó gbé bírò, ó kọ dérivée rẹ̀, tó ń sọ bó ṣe ń yí padà tó, 15 − 10x, ó ní ó di òdo ní 1,5. Ó fa tábìlì, ó ya ọfà kan sókè, ó ya ọfà kejì sísàlẹ̀, ó fi 1,5 sínú rẹ̀, 11,25 jáde. Ó wo ìlà effort tranchant tó ti yà tẹ́lẹ̀, ó wo 15 − 10x, ó rí i pé nǹkan kan náà ni méjèèjì.

«Ẹ̀gbọ́n, tableau de variation nìyí. A ṣe é títí ó fi sú wa. Wọn ò sọ fún wa rí pé ohun tí à ń ṣe nínú RDM náà nìyẹn.»

Látìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ pé orí rẹ̀ ò gba iṣẹ́ náà. Mo tún dán an wò níhìn-ín lọ́hùn-ún. Dérivée wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Intégrale kò dá a lójú: ó lè ṣe é bí ìlànà rẹ̀ bá wà níwájú rẹ̀, àmọ́ kò mọ̀ pé ààyè tó wà lábẹ́ ìlà ni ó ń wọ̀n. Bí a bá ní kó pín ipá tó dagun sí ti òró àti ti ìbú, cosinus àti sinus máa ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Matrice, ìyẹn àtẹ nọ́ńbà tí a fi ń yanjú ìdọ́gba púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò yé e rárá, nítorí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kọ́ ọ ni ó wà nílé ní Kétu tí wọ́n ń sìnkú ìyá bàbá rẹ̀, 14 inú kọ̀ǹpútà sì bá a bo ìyẹn mọ́lẹ̀.

Nígbà yìí ni ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù àṣàyàn dé. Kóòsì mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀: bí a ṣe ń dá okòwò sílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì iṣẹ́ ẹ̀rọ, agbára oòrùn àti gáàsì ìgbẹ́ ẹran, àti calcul numérique, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà yanjú ìṣirò pẹ̀lú èdè Python. Kí a sọ òótọ́, kò sí èyí tí kò dára nínú wọn. Ẹni tó bá yan agbára oòrùn àti gáàsì ní Àjàṣẹ́ tilẹ̀ ní oríire, nítorí ó lè lọ fojú rí bí wọ́n ṣe ń sọ ìgbẹ́ ẹran di gáàsì ìdáná ní Songhaï, ibùdó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ níhìn-ín ní 1985. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti forúkọ sílẹ̀ fún okòwò, nítorí olùkọ́ ibẹ̀ kì í fúnni ní ohun tó dín ní 15. Òun náà ti fẹ́ tẹ̀lé wọn. Ó ní òun nílò máàkì tó máa gbé àpapọ̀ òun sókè, kí 5 inú RDM má baà fa òun lulẹ̀. Ẹni tí ìbẹ̀rù bá ti mú máa ronú bẹ́ẹ̀, mi ò sì bá a wí. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó fi 14 bo 6,5 mọ́lẹ̀ náà ló tún fẹ́ dá.

Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá rẹ̀ fẹ́ ní tirẹ̀, ó sì ní ìdí.

«Ẹnjiníà, ẹnu ibodè la wà. Bí ọmọ yìí bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó lè ṣiṣẹ́ dé Ìmẹ̀kọ, dé Abẹ́òkúta, kódà dé Èkó. Yorùbá wà lẹ́nu rẹ̀ ná.»

Mo ní, «Bàbá, òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú kóòsì tipátipá tó ń ṣe lọ́dọọdún, kò sì tíì kùnà nínú rẹ̀ rí. Ohun tó lè dá a dúró lọ́dún tó ń bọ̀ ni ìṣirò, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kó gbà wọlé.»

«Ṣé èyí tí ẹ ń sọ yẹn máa jẹ́ kó yege?»

«Ó lè má gba máàkì tó pọ̀ níbẹ̀, Bàbá. Kò rọrùn bíi ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.»

Ó dákẹ́ díẹ̀. Bíríkìlà ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń san owó ilé ẹ̀kọ́ náà ní díẹ̀díẹ̀. Ó ní, «Èyí tó máa bá a dé ẹnu iṣẹ́ ni kó ṣe. Owó tí mo ti san síbẹ̀ kì í ṣe kékeré.»

Bí mo ṣe dé orí calcul numérique rèé. Mo ní kí ọmọ náà gba àkójọ kóòsì sáà karùn-ún àti ìkẹfà, kí a fi bírò sàmì sí ohun tí kóòsì kọ̀ọ̀kan retí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ kó tó wọlé. Intégrale fara hàn nínú kọnkéré onírin, nínú ìmọ̀ ilẹ̀ àti nínú hydraulique. Matrice fara hàn nínú structures hyperstatiques, ìyẹn ilé tí ohun tó gbé e dúró pọ̀ ju ohun tí ìdọ́gba ipá nìkan lè ṣírò, àti nínú topographie, ìyẹn wíwọn ilẹ̀. Lẹ́yìn náà la wo ohun tí calcul numérique ń kọ́ni: wíwá ojútùú pẹ̀lú ọ̀nà Newton, wíwọn ààyè abẹ́ ìlà pẹ̀lú ọ̀nà Simpson, yíyanjú matrice pẹ̀lú ọ̀nà Gauss. Àwọn ohun tí kò yé e gan-an ni, a kàn fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà mìíràn wọlé sí wọn ni. Ẹni tí kò mọ ohun tí intégrale jẹ́ kò lè kọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà. Kó tó kọ ọ́, ó ní láti gé ààyè náà sí wẹ́wẹ́, kó wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó ro wọ́n pọ̀. Bó bá ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò ní gbàgbé mọ́.

Nǹkan kan tún wà tó jẹ́ ti òun fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi ló gbé ọmọ yìí dé ẹnu iṣẹ́ ẹnjiníà. Orí ilẹ̀ tó ga ni Kétu wà, omi abẹ́ ilẹ̀ jìn níbẹ̀, ìran dé ìran ni wọ́n sì ti ń jìyà omi nílùú náà. Hydraulique ló fẹ́ gbájú mọ́ bó bá yá. Mo wá fi Colebrook hàn án. Bí omi bá ń gba inú páìpù kọjá, ara páìpù ń fà á sẹ́yìn, nọ́ńbà kan sì wà tó ń sọ bó ṣe ń fà á tó. Ẹni tí kò bá mọ nọ́ńbà yẹn kò lè mọ bí pọ́ǹpù tí yóò rà ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó. Ìlànà tí Colebrook gbé jáde ní 1939 la fi ń wá a, àmọ́ ohun tí à ń wá wà ní apá òsì ìlànà náà, ó tún wà ní apá ọ̀tún rẹ̀, kò sì sí bí ènìyàn ṣe lè fọwọ́ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ńṣe lèèyàn máa fojú díwọ̀n, kó fi í sí apá ọ̀tún, kó wo ohun tó jáde, kó tún fi ìyẹn padà síbẹ̀.

A ṣe é fún páìpù tí gbágungbàgun inú rẹ̀ jẹ́ 0,001 ìbú rẹ̀, tí nọ́ńbà Reynolds, tó ń sọ bí omi ṣe ń ru gùdù tó nínú páìpù, sì jẹ́ 100.000. A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0,02. Ó mú 0,0223 jáde. A fi 0,0223 padà, ó mú 0,0222 jáde. A fi ìyẹn padà, 0,0222 ló tún jáde, kò yí mọ́. Ó ṣe é pẹ̀lú kalikuléètọ̀ ọwọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún un ṣe pẹ̀lú páìpù tí inú rẹ̀ dán, láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ìgbà yẹn ló kọ calcul numérique sórí fọ́ọ̀mù. Mo fẹ́ kó hàn pé òun ló yàn án.

Bí sáà náà ṣe lọ kò dán tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ parí kóòsì tiwọn ní ìrọ̀rùn, òun ń ṣàìsùn lóru pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́, tí iná bá sì lọ, iṣẹ́ lọ. Ní ìdánwò àárín sáà, ó gba 9. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ ti yí, ó ní bóyá okòwò ló yẹ kí òun ṣe. Mo ní kó fi ìwé ìdánwò náà hàn mí. Apá Newton àti Simpson dára, matrice ló fa gbogbo rẹ̀ lulẹ̀. A padà sí matrice, láti orí ìdọ́gba méjì tí ó ní ohun méjì tí a kò mọ̀, irú èyí tó ti ṣe nílé ẹ̀kọ́ girama, a sì ń gun un díẹ̀díẹ̀.

Ibi kan tún wà tí mi ò fẹ́ fò. Kóòsì ọ̀nà ìkọ̀wé, tí wọ́n ń pè ní technique d'expression, ni gbogbo kíláàsì ń sá. Òun náà ń sá a. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ, nítorí mo ti ka rapport de stage, ìyẹn ìwé ìròyìn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lọ fi kọ́ra, tó pọ̀ tí ẹnjiníà ọ̀dọ́ kò ti lè sọ ohun tó rí lórí iṣẹ́: ibi tí ògiri ti là, bí ìlà náà ṣe gùn tó, ọjọ́ tí wọ́n da kọnkéré. Bí ìwé tí ẹnjiníà kọ kò bá yé ẹni tó máa ṣe iṣẹ́ náà, ilé lè ti ibẹ̀ wó.

Ní òpin sáà, ó gba 12 nínú calcul numérique. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba 16 nínú tiwọn, àpapọ̀ wọn sì ju tirẹ̀ lọ lọ́dún yẹn. Ó gba 12,5 nínú RDM ní rattrapage, ìyẹn ìdánwò àtúnṣe, lórí ìbéèrè tí ẹrù rẹ̀ wà lápá kan, tí ó tún ní ẹrù kan ṣoṣo láfikún. Ó ní òun kò lo qL²/8 níbikíbi nínú rẹ̀. Ó wọ ọdún kẹta láìjẹ gbèsè UE kankan, ọ̀rọ̀ ìṣirò owó sì ti lọ nílẹ̀. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́ fún hydraulique, 15 ló gbà.

Ohun tó kù ni structures hyperstatiques, tó kún fún matrice, ibẹ̀ ni ó ti ń làágùn báyìí. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é lọ́jọ́ Sátidé. Méjì nínú àwọn tó yan okòwò ti ń bá a wá, nítorí RDM wọn kò lọ dáadáa mọ́, mo sì ti ní kí àwọn náà kó ìwé èsì wọn wá láti sáà àkọ́kọ́, pẹ̀lú máàkì kóòsì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Aṣojú kíláàsì wọn ti kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ náà pé kí wọ́n máa tẹ máàkì kóòsì kọ̀ọ̀kan sórí ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí òbí. Wọn kò tíì dáhùn.